Ẹ Bi Wá: Olè, Ìpáǹle àti Ààbò Nínú Ọkọ̀ Èrò n'Ilé-Ifẹ̀

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ èrò nìkan la fi ojú ewé yìí dáhùn lóṣù yìí. A gé àwọn lẹ́tà kan kúrú, a sì yọ orúkọ àwọn tó kọ wọ́n kúrò.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni mí. Tí mo bá jáde lọ́gbà ilé-ìwé lálẹ́, ojú títì níwájú géètì ni mo ti máa ń dá ọkọ̀ dúró lọ sí Àṣẹ̀rífà. Ẹ̀rù wan-ṣáǹsì, àwọn olè tó ń fi ọkọ̀ èrò jalè, ń bà mí. Kí ni mo lè fi dá ọkọ̀ wọn mọ̀ kí n tó wọ̀ ọ́? (Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin, Àṣẹ̀rífà)

ÌDÁHÙN: Ẹ má wo bí ọkọ̀ náà ṣe rí, bó ṣe ń gbé èrò ni kẹ́ ẹ wò. Awakọ̀ tó ń wá owó á dúró fún ẹnikẹ́ni tó bá nawọ́ sí i, nítorí owó tó sọnù ni àyè tó bá ṣófo. Àwọn tó ń wá ẹni tí wọn yóò jà lólè kì í fẹ́ èrò púpọ̀. Tí ọkọ̀ bá fo èèyàn mẹ́ta mẹ́rin tó dúró pọ̀, tó wá dúró síwájú ẹ̀yin tẹ́ ẹ dá wà, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Bákan náà ni tó bá dárúkọ owó tó kéré sí iye tí gbogbo ayé ń san. Dírẹ́bà wo ló fi owó òde òní ra epo tí yóò wá máa dín owó fún yín lóru?

Ibi ìjókòó ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù. Ẹ ó rí i tí ọkùnrin kan á bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀, á ní kẹ́ ẹ wọlé sáàárín, pé òun ò ní í pẹ́ẹ́ sọ̀. Èrò gidi náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, a ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jókòó sáàárín ọkùnrin méjì kò ní ilẹ̀kùn, kò ní fèrèsé. Ẹ ní kí òun náà sún sínú, kẹ́ ẹ wà létí ilẹ̀kùn. Tó bá kọ̀, ẹ dúró de òmíràn.

Kẹ́ ẹ tó fi ìdí kan àga, ẹ wo ohun méjì lára ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ìkíní, ṣé irin tí a fi ń ṣí i láti inú ṣì wà níbẹ̀, ṣé ohun tí a fi ń yí gíláàsì sílẹ̀ náà wà? Ìkejì ni lọ́ọ̀kì ọmọdé. Tí ilẹ̀kùn bá ṣí sílẹ̀, ẹ wo etí rẹ̀ níbi tí kọ́kọ́rọ́ ti ń há: bọ́tìnì tín-ín-rín kan wà níbẹ̀ tí a lè tì sókè tàbí sísàlẹ̀. Tí wọ́n bá ti tì í pa, ilẹ̀kùn náà kò ní ṣí láti inú bó ti wù kẹ́ ẹ fà á tó. Ṣùgbọ́n ó ń ṣí láti ìta, nítorí náà, bí gíláàsì bá ṣeé yí sílẹ̀, ẹ lè na ọwọ́ síta kẹ́ ẹ ṣí i nígbà tí ọkọ̀ bá dúró. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àgbàlagbà tó ń ṣiṣẹ́ n'Ifẹ̀ ni irin inú wọn ti ṣẹ́ láìní ọwọ́ olè nínú. Ìyẹn kò sọ pé kẹ́ ẹ wọ̀ ọ́ lóru.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni nọ́ḿbà ọkọ̀. Lẹ́tà mẹ́ta, nọ́ḿbà mẹ́ta, lẹ́tà méjì ni. Àwọ̀ pupa ni wọ́n fi ń kọ ti ọkọ̀ akérò, búlúù ni ti ọkọ̀ àdáni. Kábúkábú tó ní nọ́ḿbà búlúù pọ̀ lálẹ́, kì í sì í ṣe olè ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, kò sí gáréèjì tí yóò sọ pé òun mọ̀ ọ́n. Ẹ má sì jẹ́ kí IFE tó bẹ̀rẹ̀ nọ́ḿbà tàn yín. Ibi tí wọ́n ti fi orúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ ló ń sọ, kò sọ ẹni tó ń wà á. Kí ilẹ̀kùn tó tì, ẹ pe ẹnì kan lórí fóònù, kẹ́ ẹ ka nọ́ḿbà náà sókè kí dírẹ́bà gbọ́: "Mo ti wọkọ̀ o, nọ́ḿbà rẹ̀ rèé." Dírẹ́bà gidi kò ní bìkítà. Èyí tó bá bínú ti dáhùn ìbéèrè yín.

Bí wọ́n bá ti wá há yín mọ́nú ọkọ̀, tí ohun ìjà sì jáde, ẹ kó ohun tí wọ́n bá béèrè fún wọn. Ẹ má jà lórí báàgì. Bí ọkọ̀ ṣì wà láàárín ìlú ní ibi tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ wà, bíi Lágere, tẹ́ ẹ sì ti fura kí ohun ìjà tó yọ, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ pariwo. Igbe tẹ́ ẹ bá ké lójú ọ̀nà tó dá, àwọn nìkan ni yóò gbọ́ ọ.

ÌBÉÈRÈ: Wọ́n yọ fóònù mi nínú báàgì bí mo ṣe ń wọ bọ́ọ̀sì ní Sábó. Ó ní páásíwọ̀dù, ọkàn mi balẹ̀. Kó tó di alẹ́, wọ́n ti kó owó ọjà mi lọ ní báǹkì. Báwo ni wọ́n ṣe ṣe é? (Ìyá aláṣọ, Sábó)

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́, Mà. Páásíwọ̀dù yẹn, fóònù ló ń ṣọ́, kò ṣọ́ SIM. Wọ́n á yọ SIM náà sínú fóònù tiwọn, gbogbo ọ̀rọ̀ ìdánimọ̀ tí báǹkì bá fi ránṣẹ́, ọwọ́ wọn ló ń bọ́ sí. Láti ibẹ̀, wọ́n lè yí nọ́ḿbà àṣírí padà, wọ́n sì lè tẹ nọ́ḿbà oníràwọ̀ tí a fi ń fowó ránṣẹ́.

Nítorí náà, tí fóònù bá ti lọ, ẹ má tẹ̀ lé olè. Ẹ yá fóònù ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, tó bá jẹ́ pé nẹ́tíwọ̀kì kan náà lẹ jọ ń lò ló dáa jù. Ẹ pe 300, òun ni nọ́ḿbà oníbàárà fún gbogbo nẹ́tíwọ̀kì báyìí, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n ti SIM yín pa. Lẹ́yìn ìyẹn lẹ ó pe báǹkì pé kí wọ́n dá àkáǹtì àti káàdì dúró. Ẹ kọ nọ́ḿbà báǹkì náà sí bébà, kẹ́ ẹ fi í sí ibi tó yàtọ̀ sí ibi tí fóònù wà. Inú fóònù tí wọ́n jí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ ọ́ sí! Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú ni gbogbo èyí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìrọ̀lẹ́ nígbà tẹ́ ẹ bá délé.

Fún ọjọ́ mìíràn, ẹ fi PIN sí SIM fúnra rẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, abẹ́ Settings, ní Security, lẹ ó ti rí SIM lock. Ẹnikẹ́ni tó bá fi SIM náà sínú fóònù mìíràn, PIN ni yóò kọ́kọ́ béèrè. Ẹ ṣọ́ra o: tẹ́ ẹ bá ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, yóò béèrè nọ́ḿbà PUK tó wà lára páálí tí SIM bá wá. Ẹni tó bá ti ju páálí náà nù, kó kọ́kọ́ béèrè PIN àti PUK lọ́wọ́ nẹ́tíwọ̀kì rẹ̀. Ẹ tún tẹ *#06# lónìí, nọ́ḿbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó bá tò tẹ̀ léra lójú fóònù ni IMEI, ìyẹn nọ́ḿbà ìdánimọ̀ fóònù náà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí òun ni ọlọ́pàá yóò béèrè.

Ní ti bí wọ́n ṣe yọ ọ́: àwọn jáwójápò kì í dá ṣe é. Ẹni iwájú á dédé dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn bí ẹni pé owó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, á tẹ̀ wálẹ̀. Ẹni ẹ̀yìn á máa tì yín. Ẹnì kẹta, tí kò fara kàn yín rárá lójú yín, òun ló mú báàgì. Tẹ́ ẹ bá rí ẹni tó tẹ̀ wálẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀, ẹ fà sẹ́yìn, kẹ́ ẹ sì gbé báàgì sáyà. Tẹ́ ẹ bá jókòó létí fèrèsé, ẹ má sọ̀rọ̀ lórí fóònù pẹ̀lú gíláàsì ní ṣíṣí nígbà tí ọkọ̀ bá dúró nínú gósìlóò. Ẹni tó wà lórí ọ̀kadà lè já a gbà kó sì ti lọ kẹ́ ẹ tó mí.

Tí wọ́n bá mú ọ̀kan nínú wọn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n lù ú. Ẹni tí wọ́n bá lù pa kò lè sọ ibi tí fóònù wà, ẹjọ́ ìpànìyàn ló sì máa dì mọ́ gbogbo yín lọ́rùn.

ÌBÉÈRÈ: Ọkùnrin àgbàlagbà kan ń fi ọwọ́ rá mi nítan nínú kòròpé. Ojú tì mí, mo dákẹ́ títí mo fi sọ̀ ní Mayfair. Kí ni ǹ bá ti ṣe? (Òṣìṣẹ́, Modákẹ́kẹ́)

ÌDÁHÙN: Ìtìjú yẹn kì í ṣe tiyín, òun ni kí ojú tì. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kẹ́ ẹ sọ ọ́ sókè, lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ dárúkọ aṣọ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ àti ibi tó gbé e sí: "Bàbá tẹ́ ẹ wọ aṣọ búlúù yìí, ẹ gbé ọwọ́ yín kúrò lórí itan mi." Ẹ má bi í pé "Kí lẹ ń ṣe?" Á ní òun ò ṣe nǹkan kan, ọ̀rọ̀ á sì di àríyànjiyàn. Ẹ má sì fi "ìwọ" bá a sọ̀rọ̀, bó ti wù kínú ó bí yín tó. Nínú ọkọ̀ wa, tẹ́ ẹ bá ti wọ́ àgbàlagbà nílẹ̀, àwọn èrò á gbàgbé ohun tó ṣe, ẹ̀yin tẹ́ ẹ rí àgbà fín ni wọ́n máa dojú kọ. Ẹ fi "ẹ" mú un, kò ní rí ibi sá sí.

Ẹ ní kí kọ́ńdọ́ pààrọ̀ ìjókòó fún yín. Bí awakọ̀ bá dá a lóhùn pé "ẹ jẹ́ ká lọ", ẹ wo nọ́ḿbà ọkọ̀ náà nígbà tẹ́ ẹ bá sọ̀, kẹ́ ẹ fi sun ẹgbẹ́ awakọ̀ ní gáréèjì tó ti gbéra, pẹ̀lú aago tó ṣẹlẹ̀. Ẹ má sọ̀ níbi tó dá láti sá fún un, ó lè sọ̀ tẹ̀ lé yín. Ibi tí èèyàn wà ni kẹ́ ẹ ti sọ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e lọ sí tẹ́ṣàn, ẹ̀sùn gidi ni lábẹ́ òfin ìwà ọ̀daràn. Kíkọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní tẹ́ṣàn kì í sì í ṣe ohun tí à ń rà. Ẹ mú ẹnì kan tó jọ wà nínú ọkọ̀ dání, tàbí nọ́ḿbà fóònù rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Dírẹ́bà kòròpé ni mí ní Lágere. Ẹ̀ ń sọ tèrò, ẹ ò sọ tiwa. Ọ̀mùtí, amusìgá, oníjà, ẹni tó gbé kẹ́ẹ̀gì epo wọlé. Tá a bá sọ̀rọ̀, wọ́n á bú wa. (Dírẹ́bà, Lágere)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ ọ̀nà o. Ọ̀mùtí, ẹnu ilẹ̀kùn ni kẹ́ ẹ ti kọ̀ ọ́. Owó èrò kan kò tó ohun tí yóò bà jẹ́. Bó bá ti wọlé ná, ẹ má jẹ́ kó jókòó létí ilẹ̀kùn tó ń fà gbọ̀ọ̀rọ̀, nítorí ìkọ́ ilẹ̀kùn kòròpé tó ti jẹ kì í há dáadáa, kó má sì wà lẹ́yìn yín gan-an.

Epo bẹntiróòlù ni ẹ ò gbọ́dọ̀ gbà fún ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ lítà kan péré. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ wúwo ju afẹ́fẹ́ lásán lọ, ilẹ̀ ló ń rọ̀ sí, abẹ́ àga ló ń kó jọ sí. Abẹ́ àga iwájú ni ẹ́ńjìnnì kòròpé sì wà, pẹ̀lú ooru àti wáyà rẹ̀. Iná kékeré kan ti tó. Fún amusìgá, òfin ìdarí tábà ti ọdún 2015 ka sìgá mímu léèwọ̀ nínú ọkọ̀ èrò, ṣùgbọ́n ẹ má fi òfin bẹ̀rẹ̀. Ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ọ́lẹ̀ mu ún tán, a ó dúró dè yín." Àwọn èrò tó ń kánjú yóò bá yín parí rẹ̀.

Tí ìjà bá bẹ́, ẹ má sáré, ẹ má yíjú sẹ́yìn láti bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ tan iná ìkìlọ̀, ẹ wá ilé epo tàbí ibi tí iná àti èèyàn wà, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Ẹ dá owó oníjà méjèèjì padà lójú gbogbo èèyàn kẹ́ ẹ tó ní kí wọ́n sọ̀. Owó tẹ́ ẹ bá mú dání ni wọ́n á fi sọ ìjà di tiyín.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ èyí náà. Lẹ́tà tó ń sọ pé dírẹ́bà ló mu paraga ní gáréèjì wà níwájú wa. Ẹ̀yin èrò, ẹ ní kó dúró, kẹ́ ẹ sọ̀ lápapọ̀. Nọ́ḿbà àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ni 122, ti pàjáwìrì gbogbo ni 112, ẹ kì í sanwó láti pè é.

ÌBÉÈRÈ: Iléṣà ni mò ń gbé, Ifẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Aago mélòó ló yẹ kí n ti wọkọ̀ padà? (Olùkọ́, Iléṣà)

ÌDÁHÙN: Ọ̀nà náà ò ju bíi kìlómítà 30 lọ, ṣùgbọ́n igbó wà létí rẹ̀ ṣáájú Òṣú àti lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ ti gbéra ní aago 5 ìrọ̀lẹ́, kẹ́ ẹ fi àyè sílẹ̀ fún táyà tó lè jò kí ilẹ̀ tó ṣú. Inú gáréèjì ni kẹ́ ẹ ti wọ̀ ọ́, níbi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ èrò àti nọ́ḿbà ẹbí sínú ìwé. Nọ́ḿbà ẹni tó máa gbé fóònù lẹ máa kọ o. Ohun tó ń ba ìwé náà jẹ́ ni èrò tí dírẹ́bà máa ń já gbà lójú ọ̀nà: ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ọ́n, orúkọ rẹ̀ ò sí níbì kankan. Kẹ́ ẹ tó sanwó ni kẹ́ ẹ ti bá a sọ ọ́ pé kò gbọdọ̀ gbé ẹnikẹ́ni mọ́. Lẹ́yìn owó, ẹ ò ní ẹnu mọ́.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀rọ̀ ṣénjì ńkọ́? (Oníbàárà yín, Ìrẹ̀mọ)

ÌDÁHÙN: Ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó gbẹ́sẹ̀ wọlé, kẹ́ ẹ sì mú owó 100 àti 200 náírà dání. Tí kọ́ńdọ́ bá so yín pọ̀ mọ́ ẹlòmíràn, kí ẹ̀yin méjèèjì má jìnnà síra títí ẹ ó fi ya owó náà, kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ mọ ẹni tó máa ṣáájú sọ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ fowó ránṣẹ́ sí àkáǹtì rẹ̀ ni, ẹ dúró kó fi fóònù tirẹ̀ rí i pé ó wọlé. Tó bá ní òun ò rí i, ẹ fi àkọsílẹ̀ orí fóònù yín hàn án, ẹ má tún un san.