Kí ló gbé Ẹ àti Ọ lọ sẹ́yìn Y?

ÌBÉÈRÈ (láti Kétu): Ẹ kú iṣẹ́ o. API ilé-iṣẹ́ kan (ọ̀nà tí ètò kọ̀ǹpútà kan fi ń gba dátà lọ́wọ́ òmíràn) la fi ń mú orúkọ àwọn oníbàárà wa wá sórí fóònù, 100 lójúewé kan. Ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn Yétúndé, ni Ẹniọlá àti Ọlá máa ń já sí. Ṣé ká tún un tò fúnra wa ni, àbí ká kọ̀wé sí wọn?

ÌDÁHÙN: Ẹ kọ̀wé sí wọn. Bí ẹ bá tò ó lórí fóònù, ojúewé tó wà lọ́wọ́ yín nìkan ló máa tò. Ẹniọlá tó wà lójúewé kẹsàn-án kò ní torí ìyẹn bọ́ sí ìkejì.

Nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà ibẹ̀ fi ń tò ó, kì í ṣe abídí. Nínú Unicode, ìlànà tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, Y jẹ́ 89, Ṣ jẹ́ 7778, Ẹ jẹ́ 7864, Ọ jẹ́ 7884. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé Ṣadé tún ń ṣáájú Ẹniọlá níbẹ̀. Gbénga náà á ṣáájú Gíwá, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn G ni Gb wà nínú abídí wa.

Ẹ má ní kí wọ́n yí ààtò tó wà nílẹ̀ padà o. Wọn ò ní gbà, wọ́n sì jàre: àwọn mìíràn ti kọ́ iṣẹ́ tiwọn lé e lórí. Àfikún tí ẹni tó bá fẹ́ nìkan máa lò ni kí ẹ béèrè, bíi sort=name&locale=yo (yo dúró fún Yorùbá). Ẹ fi àpẹẹrẹ sí i, bó ṣe ń jáde lónìí àti bó ṣe yẹ kó rí: Adé, Ẹniọlá, Gíwá, Gbénga, Ọlá, Ṣadé, Yétúndé. Kí wọ́n fi id, nọ́ńbà ìdánimọ̀ oníbàárà kọ̀ọ̀kan, tẹ̀lé orúkọ nínú títò náà; láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, Adé méjì lè máa pààrọ̀ ààyè láàárín ojúewé, kí ọ̀kan hàn lẹ́ẹ̀mejì, kí èkejì má hàn rárá. Bó bá jẹ́ PostgreSQL, ètò kan tó ń tọ́jú dátà, ni wọ́n ń lò, láti ẹ̀dà 10 síwájú, ìlà kan ni:

ORDER BY name COLLATE "yo-x-icu", id

Kí wọ́n ṣe index (atọ́ka tó ń mú kí títò àti wíwá dátà yá) tuntun fún un, torí ti àtijọ́ kò bá ààtò yìí mu, yóò sì máa falẹ̀.

Ó ku ti ẹ̀yin fúnra yín. Ní Benin níbí, àwọn kan ń kọ Ɛ àti Ɔ bí ìjọba ṣe là á sílẹ̀, àwọn kan ń kọ Ẹ àti Ọ bíi ti Nàìjíríà. Lẹ́tà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kọ̀ǹpútà kà wọ́n sí, ààtò tí a sọ lókè yìí kò sì ní so Ɛniɔla pọ̀ mọ́ Ẹniọlá. Ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ máa yí èkejì sí i kí orúkọ tó wọlé.