Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Kobold Kì Í Dá Jà

Púpọ̀ nínú lẹ́tà tó wọlé lórí eré Dungeons & Dragons, eré ìtàn tí a ń fi dáìsì ṣe, lóṣù yìí ló dá lórí kobold, àwọn ẹ̀dá kúkúrú tó jọ alángbá, tí ìpẹ́ bo ara wọn, tí gíga wọn kì í ju ẹsẹ̀ bàtà 2 sí 3 lọ. Òfin ọdún 2014 la fi dáhùn, àfi ibi tí a bá ti dárúkọ ọdún mìíràn. Ẹ̀mí ni iye ìpalára tí ẹ̀dá lè gbà kó tó ṣubú.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùdarí eré ni mí fún àwọn mẹ́rin tí ẹ̀dá wọn wà ní ìpele 1. Mo kó kobold mẹ́jọ tì wọ́n, torí ìwé sọ pé ẹ̀mí 5 péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní. Gbogbo àwọn èèyàn mi ló kú. Níbo ni mo ti ṣì í? — Òǹkàwé, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ẹ̀mí 5 yẹn ló tàn yín. Pack Tactics ni kobold fi ń jà. Bí kobold bá fẹ́ kọlu ẹnìkan, tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ṣì lè jà sì wà láàárín ẹsẹ̀ bàtà 5 sí ẹni náà, yóò ju dáìsì olójú 20 lẹ́ẹ̀mejì, yóò sì mú èyí tó ga jù. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Kobold ń fi 4 kún ohun tó bá jù. Bí AC jagunjagun yín, ìyẹn iye tí ìkọlù gbọ́dọ̀ dé kó tó bà á, bá jẹ́ 16, dáìsì gbọ́dọ̀ mú 12, ó kéré tán. Tó bá jù ú lẹ́ẹ̀kan, ìgbà 45 nínú 100 ni yóò bá a. Tó bá jù ú lẹ́ẹ̀mejì, ó di nǹkan bí 70. Ọ̀bẹ rẹ̀ ń gba ẹ̀mí 3 sí 6 lọ́wọ́ èèyàn. Onídán tí ẹ̀mí rẹ̀ jẹ́ 8, ọ̀bẹ méjì tó láti gbé e ṣubú.

Ìṣirò XP, ìyẹn àmì tí ìwé fi ń wọn agbára ọ̀tá, náà ti kìlọ̀ tẹ́lẹ̀. Kobold kan jẹ́ 25, mẹ́jọ jẹ́ 200, ṣùgbọ́n tí ọ̀tá bá ti tó 7 sí 10, ìlọ́po méjì àti ààbọ̀ la ń sọ ọ́ dà: 500. Fún ẹ̀dá mẹ́rin ìpele 1, ìjà 200 mọ níwọ̀n, 300 le, 400 sì ti di ọ̀rọ̀ ikú. Kobold mẹ́rin ló bá wọn mu, torí ìlọ́po méjì ni ti ọ̀tá 3 sí 6. Mẹ́fà ti le. Bí ẹ bá fẹ́ mẹ́jọ dandan, ẹ jẹ́ kí mẹ́rin kọ́kọ́ jáde, kí àwọn yòókù dé ní yípo kẹta. Tí ìdajì bá sì ti kú, kí ìyókù fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Kobold kò ka sísá sí ìtìjú rárá, ẹ má fi ìwà akíkanjú wọ̀ ọ́ lẹ́wù.

Oòrùn náà wà níbẹ̀. Nínú oòrùn, méjì ni kobold ń jù tó sì ń mú èyí tó kéré jù. Tí Pack Tactics bá pàdé oòrùn, wọ́n pa ara wọn rẹ́, ó di ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, 70 yẹn padà sí 45. Àwọn ẹ̀dá yín tó bá gbọ́n á máa fà sẹ́yìn títí tí wọ́n á fi fa kobold jáde nínú ihò.

ÌBÉÈRÈ: Onídán wa ń fi idán iná Burning Hands jó gbogbo kobold mi lẹ́ẹ̀kan náà. Ìjà ò tíì bẹ̀rẹ̀ tó fi ń parí. — Òǹkàwé, Peckham, London

ÌDÁHÙN: Ẹ kó wọn jọ síbì kan ni. Iná yẹn ń tàn dé ẹsẹ̀ bàtà 15, dáìsì olójú 6 mẹ́ta ló sì ń jù, nǹkan bí 10. Kobold tó bá tiẹ̀ yẹ̀ ẹ́ ṣì ń jẹ ìdajì, ìyẹn nǹkan bí 5, gbogbo ẹ̀mí rẹ̀ náà nìyẹn. Idán Sleep tún wà, tó ń mú ẹ̀mí bí 22 sùn, ó tó kobold mẹ́rin. Èyí tó bá sì ti sùn, Pack Tactics ò ka tirẹ̀ mọ́.

Ẹnì kan péré ni Pack Tactics nílò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí wọ́n ń lù. Ẹ fi méjì síwájú pẹ̀lú ọ̀bẹ, kí àwọn yòókù tú ká, kí wọ́n máa fi kànnàkànnà sọ òkò. Láàárín ẹsẹ̀ bàtà 30, kò sí wàhálà. Láti 30 sí 120, jíjìn ń mú kí wọ́n ju méjì kí wọ́n mú èyí tó kéré, ṣùgbọ́n Pack Tactics pa ìyẹn rẹ́. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni pé kí ọ̀tá sún mọ́ ẹni tó mú kànnàkànnà dé ẹsẹ̀ bàtà 5. Kó yáa sá, kó tó sọ̀kò. Winged Kobold kan tàbí méjì lórí afẹ́fẹ́, tó ń ju òkúta lu ẹni tó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ gan-an, yóò tún mú kí onídán máa wòkè. Tí gnome, ẹ̀yà kúkúrú mìíràn nínú eré náà, bá wà láàárín àwọn ẹ̀dá yín, òun ni kí wọ́n kọ́kọ́ dojú kọ: òrìṣà gnome ló wó ihò lu Kurtulmak, òrìṣà kobold, wọn ò sì tíì gbàgbé.

ÌBÉÈRÈ: Irú tàkúté wo ni kobold ń dẹ? Mi ò fẹ́ pa àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ eré. — Òǹkàwé, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN: Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí pé àwọn tó dẹ ẹ́ ń gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́. Kobold kì í wúwo ju 25 sí 35 pọ́n-ùn lọ. Nítorí náà, ọ̀fìn tí ìdérí rẹ̀ lè gbé 60 pọ́n-ùn kò ní í mú wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó wọ ìhámọ́ra irin á já sínú rẹ̀ wìì. Okùn ebìtì náà, ẹ má ta á sílẹ̀ bí gbogbo ayé ṣe ń ta á. Ẹ so ó sí gíga ẹsẹ̀ bàtà 4. Kobold á gba abẹ́ rẹ̀ kọjá láì tẹrí, àyà èèyàn ni yóò gbá a.

Ọ̀fìn ẹsẹ̀ bàtà 10 ń gba ẹ̀mí 1 sí 6. Ìyẹn kì í sábà pa èèyàn. Ohun tó ń pa wọ́n ni pé jagunjagun ti wà nísàlẹ̀, kobold mẹ́rin sì ti jáde sí àwọn mẹ́ta tó kù. Ẹ gbé ọ̀fìn síbi tí yóò ti pín wọn, kí ẹ sì dín iye kobold kù ní ọ̀kan nítorí rẹ̀.

Àjà tó ń wó, bó ṣe wà nínú ìwé, dáìsì olójú 10 mẹ́rin ni, nǹkan bí 22. Ẹni tó tiẹ̀ yẹ̀ ẹ́ ń jẹ 11. Ìpele 1 ò lè gbà á. Ẹ lo dáìsì olójú 10 kan ṣoṣo, kí ẹ sì fi iye tí èèyàn gbọ́dọ̀ jù kó tó yẹ̀ ẹ́ sí 10 tàbí 11.

Ihò tóóró tí gíga rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà 3 lọ ló dára jù lójú tiwa, kò sì ná kobold ní nǹkan kan. Èèyàn tó bá ń há ara rẹ̀ kọjá níbẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà kan ń jẹ méjì nínú ìrìn rẹ̀. Tó bá fẹ́ lu nǹkan, méjì ni yóò jù tí yóò mú èyí tó kéré. Àwọn tó ń lù ú ń mú èyí tó ga.

Ẹ máa fi àmì sílẹ̀: ipa ẹsẹ̀ kékeré tó yí ẹ̀gbẹ́ ìdérí ká, tàbí yẹ̀pẹ̀ tútù níbi tí gbogbo ilẹ̀ ti gbẹ. Láìsí àmì, àwọn tó ń ṣeré á máa fi igi gún gbogbo ilẹ̀ kí wọ́n tó gbẹ́sẹ̀, eré á sì sú gbogbo yín. Tàkúté mẹ́ta tó fún ihò kan.

ÌBÉÈRÈ: Mo fẹ́ fi kobold ṣe ẹ̀dá tèmi, kí n sì fún un ní longbow, ọrun gígùn. — Òǹkàwé, Houston

ÌDÁHÙN: Longbow wúwo fún ẹ̀dá kékeré, gbogbo ọfà tó bá ta ni yóò máa mú dáìsì tó kéré jù. Shortbow, ọrun kúkúrú, ni kó gbé, dáìsì olójú 6 ni agbára rẹ̀.

Ẹ bi olùdarí eré yín léèrè irú kobold tó ń gbà. Ti ìwé ọdún 2016 ní Pack Tactics àti àìfẹ́ oòrùn, ó sì lè dọ̀bálẹ̀ kó máa bẹ̀bẹ̀ kí ojú ọ̀tá lè kúrò lára àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ti 2022 kò ní èyíkéyìí nínú wọn. Igbe bíi ti drágónì ló ń ké, tí òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á fi máa mú dáìsì tó ga jù sí ọ̀tá tó gbọ́ ọ láàárín ẹsẹ̀ bàtà 10. Ẹ̀ẹ̀mejì ló lè ké e láti ìpele 1 dé 4 kó tó sùn. Tí abẹ́ ilẹ̀ bá ni ìtàn yín, ti 2016 ni kẹ́ ẹ mú. Ní ìta gbangba, ti 2022.

ÌBÉÈRÈ: Àwòrán àtijọ́ fi kobold hàn bí ajá. Èwo ni òótọ́? — Òǹkàwé, Ọ̀ṣogbo

ÌDÁHÙN: Méjèèjì. Ó ti wà nínú eré náà láti 1974, ojú ajá ni wọ́n sì ń yà fún un nígbà náà, pẹ̀lú ìwo àti ìpẹ́. Ẹ̀dà ọdún 2000 ló sọ ọ́ di alángbá ìbátan drágónì. Ìwé ọdún 2025 tiẹ̀ kọ ọ́ mọ́ àwọn drágónì pátápátá, kò sí lára àwọn ẹ̀dá tó jọ èèyàn (humanoid) mọ́. Tí ìwé yẹn bá lẹ ń lò, Hold Person àti Charm Person, idán tó ń ran àwọn ẹ̀dá tó jọ èèyàn nìkan, kò ní í ràn án. Ẹ sọ fún onídán yín kó tó ná idán rẹ̀ dànù.