Kíúùbù yege, dẹ́kìn sì sán

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìnáwó o. Ẹ ní Sátidé lẹ da dẹ́kìn yín (kọnkéré pẹrẹsẹ òkè ilé), pé kí ilẹ̀ Sọ́ńdè tó mọ́ ojú rẹ̀ ti sán, bíríkìlà ní sìmẹ́ńtì ló kéré, ẹ wá ń bèèrè bóyá kí ẹ gbé kíúùbù, ìgò kọnkéré onígun mẹ́rin tí wọ́n fi ń wọn agbára rẹ̀, lọ fún àyẹ̀wò. Ẹ má tíì náwó yẹn. Èmi ti ná an rí.

Bàríga ni tèmi, oṣù kìíní, ọ̀sẹ̀ tí ọyẹ́ wọ Èkó débi pé ètè gbogbo wa là. Òkè pẹtẹ́ẹ̀sì ni, kò sí ògiri kan tó gba atẹ́gùn dúró. Aago 8 àárọ̀ la bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di aago 11, apá tá a kọ́kọ́ dà ò dán lójú mọ́, inú mi dùn, mo rò pé ó ń tètè le ni. Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́, ìka wọlé: òkè ti gbẹ, abẹ́ rọ̀ bí ẹ̀kọ. Kó tó di aago 1, ìlà kan yọ, tínrín bí irun, lẹ́yìn náà méjì, mẹ́ta, wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bíríkìlà bu sìmẹ́ńtì gbígbẹ wọ́n ọn, ó dán an. Ọjọ́ kejì ó tún yọ, ẹ̀gbẹ́ káàdì ATM mi sì wọ inú rẹ̀.

Kíúùbù tá a dà lọ́jọ́ yẹn, mo gbé e lọ sílé àyẹ̀wò. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ fọ́ ní ọjọ́ 7 àti ọjọ́ 28, agbára rẹ̀ pé, ó tiẹ̀ lé. Sìmẹ́ńtì ò kéré nígbà yẹn. Inú omi ni kíúùbù ń gbé, kò mọ oòrùn, kò mọ ọyẹ́, kò sì sóhun tó dì í mú. Dẹ́kìn ní irin nínú, ó ní òpó, ó ní pákó lábẹ́; bó ṣe fẹ́ súnkì ni gbogbo wọn ń fà á padà. Tí omi ojú rẹ̀ bá ń fò lọ ju bí omi inú rẹ̀ ṣe ń gòkè lọ, yóò sán kó tó le.

Ẹ kọ́kọ́ wo bí ìlà tiyín ṣe tò o. Tó bá tẹ̀lé orí irin ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ti gbígbẹ kọ́: kọnkéré ló ń jókòó tí irin dá a dúró, bóyá omi pọ̀ jù tàbí wọn ò gbọ̀n ọ́n dáadáa.

Àwọn ilé àyẹ̀wò ní òrùka irin tí wọ́n ń da kọnkéré yí ká (C1581 ni nọ́ńbà àyẹ̀wò náà nínú ìlànà ASTM ti Amẹ́ríkà), wọ́n á máa ka ọjọ́ títí yóò fi sán. Ìyẹn fún kọnkéré tó ti le. Ti wákàtí àkọ́kọ́ ni C1579, nínú yàrá gbígbóná tí fáànù ń fẹ́. Èmi ò ní yàrá. Òkè pẹtẹ́ẹ̀sì mi ni mo lò. Kí n tó da dẹ́kìn kejì, káfíńtà kan àpótí méjì fún mi, bí ẹsẹ̀ bàtà kan sí méjì, jíjìn ínǹṣì 4, ó kan igi onígun mẹ́ta, gíga ínǹṣì 2 ààbọ̀, mọ́ àárín ìsàlẹ̀. Orí igi yẹn ló máa kọ́kọ́ là tó bá máa là. Bárò kan náà la bù sí méjèèjì. Mo fi ọ̀rá bo ọ̀kan, mo fi èkejì sílẹ̀ fún oòrùn. Kò tó wákàtí méjì tí èyí tó wà níhòòhò fi là lórí igi. Onílàílọ́ọ̀nù ò ṣe nǹkan kan.

Kí n lè mọ bí omi ṣe ń yára fò lọ tó, mo tún gbé tíréè omi síbẹ̀, 40 cm sí 25 cm, ó kún dé etí, lórí ìwọ̀n tí ìyàwó mi fi ń wọn fúláwà (ó bínú, ó yẹ kó bínú). Tí omi bá fi wákàtí kan dín ní 100 giramu, ó ti tó 1 kg lórí mítà onígun mẹ́rin kan, àlà tí àwọn ẹnjiníà ń bẹ̀rù. Lọ́sàn-án yẹn ó dín ní 110. Nírọ̀lẹ́, 30.

Bá a ṣe sún dídà sí ìrọ̀lẹ́ nìyẹn, jẹnẹrétọ̀ ń ké, aládùúgbò ń bú wa. Bí wọ́n ṣe ń dán ojú rẹ̀ tán la ń tẹ́ ọ̀rá tẹ̀lé wọn. Ọjọ́ 7 la fi bomi rin ín. Ìlà kan ṣoṣo ló yọ, lẹ́bàá àtẹ̀gùn, níbi tí atẹ́gùn ti ká ọ̀rá kúrò tí ẹnikẹ́ni ò rí i.

Tiyín ti le báyìí, ó ti kọjá ohun tí a lè fi pákó gbá pa dé. Ẹ da omi sórí ìlà náà, kí ẹ lọ wo abẹ́ pákó. Tó bá ń kán nísàlẹ̀, ẹ má yọ òpó igi kankan tó gbé pákó dúró, ẹ pe ẹnjiníà kó wá fojú ara rẹ̀ rí i. Kí ẹ sì kọ ibi tí omi náà gbà síbí fún wa.