Ìbàdàn sí Àkúrẹ́ nínú bàálù: ìṣẹ́jú mélòó?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ẹ rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé láti pápákọ̀ òfurufú Alákíà ní Ìbàdàn dé ti Àkúrẹ́ kò tó ogójì ìṣẹ́jú, ẹ sì ń béèrè bóyá òótọ́ ni. Ẹ má tíì sanwó fún ẹnikẹ́ni o.

Ìṣirò yẹn ò parọ́, àmọ́ kì í ṣe ìrìn àjò ló ṣírò. Ó kàn fa okùn tààrà láti IBA (pápákọ̀ Ìbàdàn) dé AKR (ti Àkúrẹ́) bí ẹyẹ ṣe máa fò ó, bíi kìlómítà 146, ó wá fi eré bàálù pín in. Nígbà tí èmi sì wá bàálù tó ń gba ibẹ̀ lọ tààrà, mi ò rí.

Ìdána ọmọ àbúrò mi obìnrin ni mo ń lọ ní Àkúrẹ́, lọ́jọ́ Sátidé. Bàbá ọmọ náà ti ṣaláìsí, èmi ni wọ́n ní kí n jókòó gẹ́gẹ́ bíi bàbá ìyàwó. Ẹ̀yìn ń dùn mí, mo ní mi ò lè jókòó sínú mọ́tò. Mo bá ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì fún ọjọ́ Furaidé: Ìbàdàn sí Àbújá, Àbújá sí Àkúrẹ́. Bíi kìlómítà 400 lọ, bíi 290 bọ̀, nítorí 146! Ìyàwó mi ní ṣé Sókótó ni mo ń lọ ni, nígbà tí Àkúrẹ́ wà nínú ṣòkòtò mi.

Bàálù aago mẹ́wàá di aago kan ààbọ̀. Kí n tó gba báàgì mi ní Àbújá, kí n tó sáré gbé e dé kàńtà kejì, wọ́n ti ti kàńtà. Ilé iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, torí náà èyí tó pẹ́ kò jẹ mí ní gbèsè kankan lórí èkejì. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ ò tiẹ̀ gbójú sókè, ó ní ó di ọ̀la. Mo ní ṣé kò sí ti alẹ́ ni? Ó rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé púpọ̀ nínú àwọn pápákọ̀ kéékèèké wa, bí oòrùn bá ti wọ̀, ó parí, torí kò sí iná lójú ọ̀nà tí bàálù ń bà sí.

Aago mẹ́ta Sátidé ni mo wọlé. Wọ́n ti ń fọ ìkòkò. Àbúrò mi ti tú gèlè lé orí itan, mo kí i, kò dáhùn. Iyán tí wọ́n bò dè mí ti le koko.

Ẹ lọ sí gáréèjì Ìwó Road ní kùtùkùtù, kí ẹ gba Ìkirè, Gbọ̀ngán, Ifẹ̀, Iléṣà. Bíi kìlómítà 200 ni, àárín ìlú ló sì máa já yín sí. Pápákọ̀ Àkúrẹ́ wà lọ́nà Ọ̀wọ̀, ẹ ṣì máa wọ takisí. Bó bá di dandan kí ẹ fò, ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ kan náà ni kí ẹ ti ra méjèèjì, kí ẹ gbéra láàárọ̀, kó ku ọjọ́ méjì sí òde. Lásìkò ọyẹ́, tí kùrukùru bolẹ̀, ẹ má dán an wò rárá.

Bẹ́ ẹ bá dé Ìkirè, ẹ bá mi ra dòdò.