Orúnkún ń dun ẹni tó ń lo lithium: ṣé kó fi ibuprofen kún un?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Àbúrò mi ọkùnrin ń lo lithium nítorí àìsàn bipolar, èyí tó ń mú kí inú èèyàn dùn jù nígbà kan, kó sì bà jẹ́ jù nígbà mìíràn. Ó kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé lithium máa ń mú kí wíwú rọlẹ̀ nínú ọpọlọ. Orúnkún wá ń dùn ún. Ṣé lithium náà ò ní tọ́jú ìyẹn, àbí kó ra ibuprofen kún un? Òǹkàwé kan, Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́.

ÌDÁHÙN: Mà, kó má ra ibuprofen o. Màá ṣàlàyé.

Ohun tó kà kì í ṣe irọ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní microglia. Àwọn ni ọdẹ ibẹ̀. Bí kòkòrò bá wọlé, wọn á figbe ta: wọn á tú TNF-alpha àti IL-1 beta jáde, ìyẹn èròjà tó ń ru wíwú sókè. Bí igbe yẹn ò bá dákẹ́, sẹ́ẹ̀lì tí kò ṣẹ̀ á fara gbá. Ẹ́ńsáìmù GSK-3 wà lára ohun tó ń ru igbe náà sókè, òun sì ni lithium máa ń dí lọ́wọ́. Nínú ìwádìí lábù àti lára eku, igbe máa ń rọlẹ̀, IL-10 tó ń pẹ̀tù sí i á sì pọ̀ sí i. Lára èèyàn, ọ̀rọ̀ ò tíì tò bẹ́ẹ̀. Lithium kan náà ló ń mú kí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun, ìyẹn ọmọ ogun ara, pọ̀! Kì í ṣe oògùn orúnkún rárá.

Kíndìnrín ló ń gbé lithium jáde. Ibuprofen àti diclofenac, oògùn ìrora bíi tirẹ̀, máa ń dín iṣẹ́ yẹn kù, lithium á sì máa ga nínú ẹ̀jẹ̀. Àyè rẹ̀ ò sì fẹ̀: láàárín 0.6 sí 1.0 mmol/L ni a sábà ń fẹ́. Bó bá kọjá 1.5, ó ti ń di májèlé nìyẹn. Ọwọ́ á máa gbọ̀n, èébì, ìgbẹ́ gbuuru, ọ̀rọ̀ á máa wọ́ lẹ́nu. Bí ẹ bá rí ìwọ̀nyí, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni oògùn ara ríro tí wọ́n ń pò mọ́ra sínú ọ̀rá kékeré lọ́jà. Ta ló mọ ohun tó wà níbẹ̀? Àgbo tó ń mú kí èèyàn máa yàgbẹ́ náà léwu, torí bí omi ara bá gbẹ, lithium á ga.

Paracetamol ni kó lò, kó sì sọ fún dókítà rẹ̀. Kó má dá lithium dúró fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wákàtí 12 lẹ́yìn tó lo oògùn kẹ́yìn ni kí wọ́n fà á. Bó bá ń lò ó lálẹ́, kó lọ láàárọ̀.