Mo parọ́ máàkì mi fún àwọn tí a jọ ń kàwé

Lẹ́tà tí mo fẹ́ dáhùn lónìí wá láti ọwọ́ ọmọbìnrin ẹni ogún ọdún kan tí ó ń gbé ní Ìgbógbó, ní ẹ̀bá Ìkòròdú, tí ó sì bẹ̀ mí kí n má dárúkọ òun. Ó ti lo oṣù mẹ́rin nínú ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ tí wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó gba ènìyàn wọlé gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì. Òun àti àwọn mẹ́rin mìíràn a máa pàdé ní gbogbo ọjọ́ Sátidé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kan lẹ́yìn ọjà Sábó, kí wọ́n lè jọ ka anátọ́mì àti fisiọ́lọ́jì, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀yà ara àti bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́. Òun ni ó ń kọ nóòtì fún gbogbo wọn, òun ni ó ń ṣàlàyé, ‘Tísà’ ni wọ́n sì ń pè é. Nígbà tí èsì ìdánwò àkọ́kọ́ jáde, 37 ni ó gbà, bẹ́ẹ̀ 50 ni máàkì àṣeyege. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè, ó ní 68 ni òun gbà. Ó wá kọ ọ́ báyìí:

‘Màmá, ẹni tí mo fi ẹnu ara mi kọ́ ní eegun ẹ̀yìn gba 61. N kò lè wo ojú wọn mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni ó kù kí àwọn tí ó fìdí rẹmi tún ìdánwò náà ṣe, wọ́n sì ti ní èmi ni kí n ṣàlàyé ọkàn àti ìṣàn ẹ̀jẹ̀ ní Sátidé tí ń bọ̀. Ìyá mi ti ń pè mí ní nọ́ọ̀sì fún gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ń tajà. Ṣé kí n kúrò nínú ẹgbẹ́ náà jẹ́ẹ́, kí n lọ dá kàwé ni? Àbí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kì í ṣe tèmi?’

Ọmọ mi, má fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, má sì fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ nítorí ìdánwò kan. Ẹ̀kọ́ yìí le. Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ẹ̀kọ́ girama dé, tí gbogbo ohun tí ó mọ̀ nípa egungun kò ju èyí tí ó kà nínú bàyọ́lọ́jì lọ, ni wọ́n kó egungun 206 lé lọ́wọ́ láàárín oṣù díẹ̀, tí wọ́n tún ní kí ó mọ ihò, gegele àti oríkèé tí ó wà lára wọn. Kò tíì mú ìyẹn mọ́lẹ̀ tán tí iṣan, ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró àti kíndìnrín fi tún dé. Mo mọ ẹni tí kò gbà ju 30 lọ nínú ìdánwò rẹ̀ àkọ́kọ́, tí ó padà di agbẹ̀bí tí àwọn aboyún ń ti ọ̀nà jíjìn wá bá. Nítorí náà, 37 yẹn kò bà mí lẹ́rù. 68 tí o pè ni ó bà mí lẹ́rù, nítorí òun ni yóò jẹ́ kí àwọn tí ó lè ràn ọ́ lọ́wọ́ máa wò ọ́ bí ẹni tí kò nílò ìrànlọ́wọ́.

O béèrè ìdí tí ẹni tí o kọ́ fi gbà jù ọ́ lọ. Ìdáhùn náà wà nínú lẹ́tà rẹ, bóyá o kò kíyè sí i ni. O sọ pé o máa ń jókòó títí di aago méjì òru, tí o ń da nóòtì kọ fún ẹni márùn-ún, tí o ń fi bírò pupa àti búlúù ya àwòrán, tí o sì ń ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn kí ilẹ̀ tó mọ́. O sọ pé bí ẹ bá pàdé, ìwé máa ń wà ní ṣíṣí lórí itan rẹ, o ó máa kà á, o ó máa túmọ̀ rẹ̀. O tún sọ pé ọ̀rẹ́ rẹ tí ó gba 61 a máa dá ọ dúró lẹ́nu ọ̀rọ̀, a ní, ‘Dúró ná, jẹ́ kí n sọ ọ́ padà fún ọ, bóyá mo ti gbà á.’ Ohun tí ó ràn án lọ́wọ́ nìyẹn. Ìwọ ń sè, òun ń jẹ. Nígbà tí ìwé bá ṣí sílẹ̀, ojú yóò dá ọ̀rọ̀ mọ̀, ènìyàn yóò sì rò pé òun ti mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ ẹnu kò tíì lè sọ ọ́. Inú gbọ̀ngàn ìdánwò ni a ti máa ń rí ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ohun tí ojú dá mọ̀ àti ohun tí ó wà nínú orí. Ọ̀rẹ́ rẹ ti ń ṣe ìdánwò ní gbogbo Sátidé láti oṣù mẹ́rin wá. Ìwọ kò tíì ṣe ẹyọ kan títí wọ́n fi pín ìwé ìbéèrè.

Jẹ́ kí n sọ ohun kan tí n kì í sábà sọ. Nígbà tí èmi náà wà ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, àwa mẹ́rin ni a jọ ń gbé inú yàrá kan. Ọ̀kan nínú wa ni ó máa ń kọ́ àwa yòókù ní fisiọ́lọ́jì, nóòtì rẹ̀ mọ́, ó sì ní sùúrù. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, a jí, a rí i pé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ti ṣófo. Ó ti tẹ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì náà, ó ṣẹ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ bí wọ́n ti kọ́ wa láti máa ṣẹ́ ẹ ní wọ́ọ̀dù, ó kó gbogbo nóòtì rẹ̀ lé orí ìrọ̀rí, ó sì kọ orúkọ wa sí ara wọn kí a lè máa lò wọ́n. Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni ó ti fìdí rẹmi, àǹfààní àtúnṣe sì wà. Àwa tí a jọ ń sùn, tí a jọ ń jí, kò mọ̀, nítorí ó ti sọ fún wa pé òun yege, àwa náà kò sì bi í ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí nóòtì rẹ̀ ń wúlò fún wa. Ẹ̀bi yẹn wà lọ́rùn àwa náà, mo sì ń rù ú títí di òní. Nígbà tí mo dé ibi tí o ti bi mí bóyá kí o lọ jẹ́ẹ́, bẹ́ẹ̀dì yẹn ni mo rí.

Ìdí mìíràn tí n kò fi fẹ́ kí irọ́ náà dúró kan iṣẹ́ tí o fẹ́ ṣe. Lẹ́nu iṣẹ́ wa, ẹni tí ó ń díbọ́n pé òun mọ ohun tí òun kò mọ̀ ni ó máa ń bà wá lẹ́rù jù. Iṣan ìmọ̀lára ńlá kan gba inú ìdí kọjá lọ sí ẹsẹ̀, ó nípọn tó ìka ọwọ́, sciatic ni ìwé rẹ pè é. Nítorí rẹ̀ ni a ṣe ń kọ́ ọmọ pé bí yóò bá gún ènìyàn ní abẹ́rẹ́ ní ìdí, kí ó fi ojú pín ẹ̀gbẹ́ ìdí kan sí ọ̀nà mẹ́rin, kí ó sì gún ìdá tí ó wà lókè ní apá ìta. Bí abẹ́rẹ́ bá bá iṣan yẹn, ẹsẹ̀ aláìsàn lè máa wọ́ nílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nọ́ọ̀sì tí ó bá yíjú sí ẹnì kejì rẹ̀, tí ó ní, ‘Jọ̀wọ́, bá mi wò ó, kò dá mi lójú,’ ti gba aláìsàn rẹ̀ lọ́wọ́ ìyà. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an, ‘kò dá mi lójú,’ ni mo fẹ́ kí o bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ́ ẹnu láti ìsinsìnyí, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn ọjà Sábó, níbi tí kò ti sí aláìsàn tí yóò farapa.

Bí o ó ṣe sọ ọ́ nìyí. Má kọ ọ́ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, nítorí oníkálukú yóò kà á pẹ̀lú ohùn tí ó wù ú. Lọ bá ẹni tí ó gba 61 kí Sátidé tó pé, nítorí òun ni ó sún mọ́ ọ jù, òun náà sì ni o rò pé o ti ṣẹ̀ jù. Sọ fún un pé: ‘37 ni mo gbà. Ojú ni ó tì mí tí mo fi parọ́. Jọ̀wọ́, jókòó tì mí nígbà tí mo bá ń sọ ọ́ fún àwọn yòókù.’ Má kó àwáwí lé e. Má mẹ́nu kan iná mànàmáná tí wọ́n mú lọ tàbí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀, bí wọ́n tilẹ̀ jẹ́ òótọ́. Irọ́ lè sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò fi bá a. Tìrẹ kò tíì pé oṣù kan, ọ̀nà àtipadà kò tíì jìn. Ẹnì kan lè bínú. Jẹ́ kí ó bínú, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ó sì lè jẹ́ pé ẹlòmíràn nínú wọn yóò mí kanlẹ̀, yóò sọ pé máàkì tí òun náà pè kì í ṣe èyí tí òun gbà. Mo ti rí irú rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ní ti ọkàn àti ìṣàn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbé fún ọ, má ṣe é bí o ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ẹ dá owó jọ, kí ẹ ra odindi ọkàn màlúù kan lọ́wọ́ alápatà ní òwúrọ̀ Sátidé. Bí owó kò bá ká a, ti ewúrẹ́ yóò ṣe é. Kí ẹ tètè sọ fún alápatà náà kí ó má là á, kí ó má sì gé àwọn ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tí ó yọ sókè lórí rẹ̀ kúrò, nítorí ọ̀pọ̀ wọn a máa là á kí oníbàárà tó sọ̀rọ̀. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ gbé e sínú abọ́ pẹrẹsẹ, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan yín sì fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Ẹ̀gbẹ́ kan yóò rọ̀, yóò tẹ̀ wọnú. Èkejì yóò le bí rọ́bà táyà. Kí ẹnikẹ́ni má tíì sọ ìdí rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá wá là á, ẹ ó rí i pé inú rẹ̀ pín sí yàrá mẹ́rin, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀, àti pé ògiri yàrá ìsàlẹ̀ ní apá òsì nípọn ju ti apá ọ̀tún lọ fíìfíì, ẹ ó sì rí àwọn okùn funfun tín-ín-rín tí ó so ilẹ̀kùn tí ó wà láàárín yàrá òkè àti yàrá ìsàlẹ̀ mọ́ ara ògiri, tí kì í jẹ́ kí ilẹ̀kùn náà ṣí sí òdì nígbà tí ọkàn bá fún ẹ̀jẹ̀ jáde. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bi ara yín ní ìdí tí òsì fi nípọn tó bẹ́ẹ̀. Yàrá ọ̀tún kò rán ẹ̀jẹ̀ jìnnà, inú ẹ̀dọ̀fóró tí ó wà nítòsí rẹ̀ ni ó ń rán an lọ. Yàrá òsì ni ó ń tì í dé àtàrí, tí ó tún ń tì í dé ọmọńdinrín ẹsẹ̀. Ẹni tí ó ti fi àtàǹpàkò mọ èyí kò ní máa ṣẹ́jú nínú gbọ̀ngàn ìdánwò.

Lẹ́yìn náà, kí gbogbo ìwé di pípadé. Kí ẹnì kan mú ẹ̀jẹ̀ láti ẹsẹ̀, kí ó fi ọ̀rọ̀ ẹnu gbé e dé yàrá òkè ní apá ọ̀tún, kí ó sì dúró. Kí ẹlòmíràn gbà á níbẹ̀, kí ó gbé e dé ẹ̀dọ̀fóró. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa gbà á lọ́wọ́ ara yín títí yóò fi padà dé ẹsẹ̀. Kí ìwọ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́. Bí o bá kọsẹ̀, ní ‘kò dá mi lójú’, kí ẹlòmíràn gbà á, kí o sì tún un sọ fúnra rẹ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dójú tì yín pé ó yẹ kí ó ti yé yín lẹ́ẹ̀kan náà. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí àwọn oníṣègùn ńlá ilẹ̀ Yúróòpù fi gbà pé ẹ̀dọ̀ ni ó ń ṣe ẹ̀jẹ̀, tí ara sì ń lò ó tán. Ọdún 1628 ni William Harvey, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé tí ó fi ṣàlàyé pé ẹ̀jẹ̀ kan náà ni ó ń yí po, ìṣirò sì wà lára ohun tí ó fi gbè é lẹ́sẹ̀. Ẹ̀yin náà lè ṣe irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín. Bí ọkàn bá lù ní ìgbà 70 láàárín ìṣẹ́jú kan, tí ó sì ń tú nǹkan bíi mìlílítà 70 jáde nígbà kọ̀ọ̀kan, mìlílítà 4,900 nìyẹn, ó kù díẹ̀ kí ó pé lítà 5. Nǹkan bíi lítà 5 náà sì ni gbogbo ẹ̀jẹ̀ tí ó wà nínú àgbàlagbà. Níbo ni ara yóò ti rí òmíràn ní ìṣẹ́jú kejì, bí kì í bá ṣe pé èyí tí ó jáde náà ni ó padà wá?

Jáwọ́ nínú nóòtì ẹni márùn-ún. Kí oníkálukú kọ tirẹ̀, kódà bí ìwé rẹ̀ bá rí wúruwùru. O dárúkọ ìyá ọlọ́mọ méjì kan nínú yín tí ó máa ń pẹ́ dé, tí ó sì máa ń tòògbé. Fún òun ní ipò kejì lẹ́yìn rẹ, nítorí ẹni tí ó mọ̀ pé wọn yóò bi òun léèrè kì í sùn. Ní alẹ́ Ọjọ́rú, kí ẹnì kan pe ẹnì kejì lórí fóònù, kí ó bi í ní ìbéèrè márùn-ún láti inú ti Sátidé tí ó kọjá, nítorí ohun tí a kò bá padà sí lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ yóò ṣí kúrò lórí wa, bí ó ti wù kí ó yé wa tó ní ọjọ́ tí a kọ́ ọ.

Ìyá rẹ ni ó kù. Sọ fún un ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí o bá ti sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ, nígbà tí ó bá ti tú ẹrù ọjà tán, tí ó sì ti sinmi díẹ̀. Sọ máàkì náà fún un, sọ ọjọ́ àtúnṣe fún un pẹ̀lú. Ó lè dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Má bínú sí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn; ó sàn kí ó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ ju kí ó gbọ́ ọ lójú ọjà lọ.

Mo ń retí lẹ́tà rẹ mìíràn. O kò nílò láti kọ máàkì sí i. Kọ ohun tí ìka ọwọ́ rẹ rí nínú ọkàn màlúù náà, kí o sì kọ ọ́ láìwo ìwé.