Ayaba oyin mi ò sí nílé mọ́: ṣé kí n lọ mú òmíràn wá?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ọmọ ọdún 28 ni mí, Parakin ni mò ń gbé n'Ilé-Ifẹ̀. Àpótí oyin kan ṣoṣo ni mo ní, abẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilé wa ló wà. Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí mo gé afárá mẹ́ta níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà lara àwọn oyin yìí ò ti balẹ̀: wọ́n ń kùn ṣáá, wọ́n sì ti ta méjì nínú àwọn ọmọ aládùúgbò wa. Mo yẹ inú àpótí wò lánàá, mi ò rí ẹyin kankan, mi ò sì rí ayaba. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n lọ mú ayaba inú ihò igi kan lóko bàbá òun, kí n jù ú sínú àpótí. Ṣé ó lè ṣiṣẹ́?
Olóyin Tuntun, Ilé-Ifẹ̀

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, jọ̀wọ́, má ju ayaba kankan sínú àpótí yẹn. Òórùn ni oyin fi ń mọ ará ilé. Bí àlejò bá já lù wọ́n lójijì, ńṣe ni wọ́n á ṣù mọ́ ọn bíi bọ́ọ̀lù, ooru ara wọn á sì pa á. Ayaba inú igi yẹn náà nílé tirẹ̀. Tó o bá mú un, ilé méjì lo máa sọ dahoro.

Ti àwọn ọmọ yẹn ló kọ́kọ́ kàn. Oyin tí kò níyàá a máa bínú ju bó ṣe yẹ lọ. Lọ bá àwọn òbí wọn lónìí, kí ẹnikẹ́ni má ṣeré níwájú àpótí náà. Bí oyin bá ta èèyàn, tí ojú rẹ̀ wú tàbí tí kò lè mí dáadáa, ilé ìwòsàn ni kíá, ẹ má dúró fi òróró pa á lára.

Ó ṣeé ṣe kó o ti tẹ ayaba náà pa nígbà tí ò ń gé afárá. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Lọ́dún 2011, alẹ́ ni mo ṣí àpótí mi kan n'Iléṣà níbí, tọ́ọ̀ṣì ni mo fi ń ríran. Mo ti igi afárá méjì (igi tí afárá so rọ̀ mọ́) pa pọ̀ láìfi èéfín lé àwọn tó wà láàrin wọn. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo rí i lábẹ́ àpótí, èèrà ti ń wọ́ ọ lọ. Ìdí rẹ̀ gùn, ìyẹ́ rẹ̀ ò bò ó tán, ohun tí mo fi mọ̀ pé òun ni nìyẹn. Mo jókòó síbẹ̀, mo sunkún.

Ṣùgbọ́n ó tún ṣeé ṣe kí ayaba tuntun ti wà nínú ilé náà. Ẹyin kan náà ni ayaba àti òṣìṣẹ́ ti wá, oúnjẹ ló yà wọ́n. Bí ìyá bá kú, àwọn oyin á ṣa ọmọ tí kò tíì pé ọjọ́ mẹ́ta tó ti pa, wọ́n á máa fi omi funfun tó ń sun láti inú orí wọn bọ́ ọ títí, wọ́n á sì fa ilé rẹ̀ gùn sísàlẹ̀ bí èèpo ẹ̀pà. Láti ẹyin, nǹkan bí ọjọ́ 16 ni ayaba fi ń jáde. Òṣìṣẹ́ ń lò tó 21. Lẹ́yìn tó bá jáde, á ṣì fò lọ bá àwọn akọ pàdé lókè, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó yé ẹyin kan. Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìsí ẹyin kò tíì tó ohun tí èèyàn fi ń sọ̀rètí nù. Wá èèpo ẹ̀pà yẹn lára afárá. Bí ẹnu ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá ṣí roboto bí ìdérí, ayaba ti jáde láàyè. Bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló lu, wọ́n ti pa á sínú ni.

Bó ò bá rí èyí tó dá ọ lójú, oògùn tí mo fọkàn tán nìyí: tọrọ afárá kan tó ní ẹyin lọ́wọ́ olóyin mìíràn. Ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ mú un, nígbà tí oòrùn ṣì wà. Kẹ̀yìn sí oòrùn, kí ìmọ́lẹ̀ gba orí èjìká rẹ wọ inú ihò afárá. Ẹyin ọjọ́ kìíní dà bí ìgékù òwú funfun tó dúró ṣánṣán. Tó bá di ọjọ́ kẹta, á ti sùn sílẹ̀. Má dá afárá náà dùbúlẹ̀ o, ìda rẹ̀ rọ̀, á já. Jẹ́ kó máa rọ̀ bí aṣọ orí okùn, gbá àwọn oyin ara rẹ̀ kúrò, fi aṣọ tútù díẹ̀ bò ó nínú páálí, má sì jẹ́ kí oòrùn pa á. Mo ti gbé irú rẹ̀ lórí itan nínú ọkọ̀ láti Iléṣà dé Ifẹ̀ rí, kò sì bàjẹ́. Kó o tó lọ, wọn igi afárá rẹ, kó lè bá ti olóyin yẹn mu: tèmi fẹ̀ ní mìlímítà 32. Àárín ilé ni kó o fi í sí.

Padà wò ó ní ọjọ́ kẹrin. Bí wọn ò bá kọ́ èèpo ẹ̀pà kankan sára rẹ̀, ayaba wà nílé, fi wọ́n sílẹ̀. Bí wọ́n bá kọ́ ọ, wọn ò níyàá lóòótọ́, wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ tiwọn nìyẹn. Ka iye tó wà níbẹ̀, má fọwọ́ kàn án, kó o sì pa àpótí dé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ewéko Akíntọ́lá ti ń tanná káàkiri báyìí, akọ tí ayaba tuntun máa bá pàdé kò ní wọ́n.

Ohun kan ló lè yí èyí padà. Bó o bá rí ẹyin méjì mẹ́ta nínú ihò kan, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ihò, àwọn òṣìṣẹ́ ló ń yé e, akọ nìkan ni yóò sì jáde níbẹ̀. Afárá kan ò ní tó ìyẹn. Máa fún wọn ní ọ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, torí òórùn àwọn ọmọ tó wà lára rẹ̀ ló ń dá irú ẹyin bẹ́ẹ̀ dúró.

Kọ̀wé sí mi lẹ́yìn ọjọ́ kẹrin yẹn, sọ iye èèpo ẹ̀pà tó o kà, kó o sì sọ bí ara àwọn ọmọ yẹn ṣe rí.